Wọn ò bẹ̀rẹ̀ látinú ọpọlọ: ìtàn jíìnì tó ń gbé iná kiri lórí wa

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fáwọn olùkọ́, òbí àtàwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìbàdàn lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo tún un kọ díẹ̀ kó lè ṣe é kà, mo sì fi ìbéèrè mélòó kan sí i.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, àtẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ion channel inú ọpọlọ, bí wọ́n ṣe wá jíìnì wọn rí, ìyẹn ìtọ́ni inú DNA tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kó tó lè ṣe wọ́n, àti bí wọ́n ṣe clone wọn, mo sì mọ̀ pé tí mo bá kàn ń da gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ báyìí, ìdajì yín á ti sùn kí n tó dé ìdá kan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Iná ni ọpọlọ ń lò. Kì í ṣe iná NẸ́PÀ, kò sí wáyà níbẹ̀, iyọ̀ ni. Sódíọ̀mù, pọtásíọ̀mù, kálísíọ̀mù, gbogbo wọn ló ń gbé iná kékeré kọ̀ọ̀kan kiri lára wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní ion nìyẹn. Sódíọ̀mù pọ̀ lóde sẹ́ẹ̀lì, pọtásíọ̀mù pọ̀ nínú, awọ sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín wọn sì jẹ́ ọ̀rá, ion ò sì lè gba inú ọ̀rá kọjá. Tí sẹ́ẹ̀lì bá wà jẹ́ẹ́, nǹkan bí 70 mílífóòlù ló máa ń wà láàárín inú rẹ̀ àti ìta, bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan péré sì jẹ́ 1,500, ẹ wá wo bó ṣe kéré tó, síbẹ̀ orí 70 yẹn ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń rò, tẹ́ ẹ̀ ń rántí, tó ń dùn yín, dúró lé. Ohun tó ń jẹ́ kí ion ráàyè kọjá ni purotéènì kan tó gún ọ̀rá yẹn já tó sì ní ihò tóóró láàárín. Ihò yẹn máa ń ṣí, ó máa ń padé, ó sì máa ń ṣa ẹni tó máa kọjá, débi pé èyí tó jẹ́ ti pọtásíọ̀mù ò ní gba sódíọ̀mù láyè, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù ló kéré jù nínú àwọn méjèèjì o! Ihò kan ṣoṣo lè jẹ́ kí ion bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá kọjá láàárín sẹ́kọ́ńdù kan. Òun ni ion channel. Èmi á máa pè é ní ṣánẹ́ẹ̀lì kí ẹnu mi lè sinmi.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣírò bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni Hodgkin àti Huxley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1952, inú iṣan ẹran omi kan tó ń jẹ́ squid ni wọ́n ti ṣe é torí pé iṣan yẹn tóbi débi pé wọ́n lè ki wáyà bọ inú ẹ̀, wọ́n sì gba Nobel lọ́dún 1963. Lẹ́yìn náà ní 1976, Neher àti Sakmann ní Jámánì fi gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí iná tó ń gba inú ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kọjá, ó ń ṣí, ó ń padé, ó ń ṣí, ó ń padé. Àwọn náà gba Nobel tiwọn ní 1991. Àmọ́ ẹ fọkàn sí i: títí di 1976 yẹn, kò sẹ́ni tó lè nàka sí jíìnì kankan pé òun ló ń ṣe ṣánẹ́ẹ̀lì yìí. Wọ́n mọ iṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa, wọn ò mọ òun fúnra rẹ̀.

Kí ló wá le níbẹ̀? Mo rí àwọn kan tó ń wò mí bí ẹni fẹ́ bi mí nípa àgùntàn Dolly. Rárá o, clone tí mò ń sọ ò kan pé ká dá ẹ̀dá kejì sílẹ̀. Ègé DNA kan lèèyàn máa mú, á fi bọ inú bakitéríà, bakitéríà yẹn á máa pọ̀, á sì máa bá a ṣe ẹ̀dà ègé yẹn títí tó fi máa pọ̀ tó láti kà lẹ́tà lẹ́tà. Ìyẹn ò le. Èwo lo fẹ́ mú, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Tẹ́ ẹ bá gba mRNA, ìyẹn ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń lò láti fi ṣe purotéènì, látinú ọpọlọ eku, tẹ́ ẹ yí i padà sí DNA, tẹ́ ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú bakitéríà, ẹ ti ní làíbúrárì tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ègé nínú, kò sì sí èyí tó kọ orúkọ ara ẹ̀ síwájú orí nínú gbogbo wọn. Ti ṣánẹ́ẹ̀lì ò sì tó nǹkan níbẹ̀, torí sẹ́ẹ̀lì ò nílò púpọ̀, ihò kan tó ń gba mílíọ̀nù mẹ́wàá ní sẹ́kọ́ńdù kan, mélòó lo fẹ́ fi ṣe?

Èrò tèmi nìyí, òun sì ni mo wá sọ lónìí: ká ní inú ọpọlọ ni wọ́n dúró sí pé dandan ibẹ̀ làwọn á ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ibi tí nǹkan náà ti pọ̀, tàbí ibi tó ti hàn sójú, ni wọ́n gbà lọ.

Ibi tó ti pọ̀ ni ara ẹja. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá apẹja da nǹkan pọ̀ á mọ ẹja òjìjí, èyí tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án láàyè, ó máa gbọ̀n yín jìgìjìgì. Tó bá dàgbà, iná ara ẹ̀ lè ju 300 fóòlù lọ. Ó ní ìbátan lọ́nà iṣẹ́, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹja gígùn kan tí wọ́n ń pè ní electric eel, tiẹ̀ lè tó 600. Ibo ló ti ń rí iná yẹn? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì tó tò léra wọn, ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù sì kún ara wọn dẹ́múdẹ́mú. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ohun tó dà bí egbòogi tó ṣọ̀wọ́n nínú ọpọlọ, ọ̀pọ̀ yanturu ni lára ẹja.

Kí wọ́n tó lè fà á jáde lára ẹja, wọ́n nílò nǹkan tó máa ń dì mọ́ ọn tí kì í dì mọ́ ohun mìíràn. Oró ló ṣe ìyẹn. Oró tetrodotoxin tó wà nínú ẹja kan tó máa ń wú bíi bọ́ọ̀lù, oró àkeekèé náà, ara ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù ni wọ́n máa ń lọ tààrà, ìdí tí wọ́n fi ń pani nìyẹn. William Catterall àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Seattle fi ọgbọ́n yìí fa purotéènì náà jáde látinú ọpọlọ eku ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kékeré kọ́ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló gbà kí ìwọ̀nba díẹ̀ tó jáde. Ti ẹja ló yá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Shosaku Numa ní Kyoto, lórílẹ̀-èdè Jàpáànù, òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ mú purotéènì ti electric eel, wọ́n ka díẹ̀ nínú amínò ásíìdì rẹ̀, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó so pọ̀ di purotéènì, wọ́n wá fi ìwọ̀nba tí wọ́n kà yẹn ronú padà sẹ́yìn pé bí purotéènì bá rí báyìí, DNA tó bí i á rí báyìí, wọ́n ṣe DNA kékeré tó bá a mu, wọ́n fi wá inú làíbúrárì. Ní 1984 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde: amínò ásíìdì 1,820, ó pín sí ọ̀nà mẹ́rin tó jọra wọn, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì gba inú ọ̀rá já lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nínú mẹ́fà yẹn ló ṣàrà ọ̀tọ̀, iná rere, èyí tí wọ́n ń pè ní positive, ló tò sára ẹ̀ lórí amínò ásíìdì kẹta kẹta, ibẹ̀ sì ni ṣánẹ́ẹ̀lì fi ń mọ̀ pé iná ti yí padà kó lè ṣí. Hodgkin àti Huxley ti sọ láti 1952 pé nǹkan kan tó ní iná lára gbọ́dọ̀ máa sún nínú awọ yẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, òun nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ràn àríyànjiyàn lè bi mí pé ẹja lo ṣì ń sọ, ọpọlọ dà? Ó dáa.

Jíìnì ní ìdílé. Ẹ jẹ́ kí n fi oríkì ṣàpèjúwe ẹ̀ torí mi ò mọ ohun tó tún lè sún mọ́ ọn jùyẹn lọ. Tẹ́ ẹ bá dúró lọ́jà Ọjẹ́ lọ́jọ́ ọjà, tẹ́ ẹ ń ki oríkì ilé kan pátá, pẹ̀lú orúkọ bàbá àti bàbá-bàbá àti ohun tí wọ́n jẹ lọ́dún ìjẹta, ọmọ ilé yẹn nìkan ló máa yíjú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn sílẹ̀ tẹ́ ẹ kàn ń kì pé ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ẹni tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ á yíjú, ẹni tó wá láti Ìwó á yíjú, ẹlòmíì tí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ará Ìkòyí ni á ṣe ‘hẹ̀n-ẹn’ níbi tó ti ń ta gààrí. Wọ́n mú DNA ti eel, wọ́n fi ohun tó ń tan ìtànṣán sí i kí wọ́n lè mọ ibi tó bá lẹ̀ mọ́, wọ́n wá dá a sórí làíbúrárì ọpọlọ eku. Tí omi ibẹ̀ bá gbóná tí iyọ̀ ẹ̀ sì kéré, ohun tó bá a mu lẹ́tà sí lẹ́tà nìkan ló máa lẹ̀ mọ́ ọn. Tí wọ́n bá dín gbígbóná kù tí wọ́n fi kún iyọ̀, àwọn ìbátan tó jìnnà náà á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí Numa àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe rí ti ọpọlọ eku ní 1986 nìyẹn, kì í sì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀kan ní amínò ásíìdì 2,009, èkejì 2,005, ẹ̀kẹta tún yọ lẹ́yìn ìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ retí ìyẹn! Iná tó jọ ara wọn tí wọ́n ti ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí, ṣé jíìnì tó yàtọ̀ síra ló ń ṣe é. Lónìí a mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni àwa èèyàn ní nínú ìdílé yẹn.

Ti pọtásíọ̀mù ló wá dùn jù. Kò sí ẹja tó kún fún un, kò sì sí oró tó dáa lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn. Ọ̀nà kejì ni wọ́n gbà, ibi tó ti hàn sójú. Ẹ mọ eṣinṣin kékeré tó máa ń rọ̀ mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Irú wọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá fi ether kùn ún lóorun, dípò kó sùn jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbọ̀n pìpì, torí ẹ̀ ni wọ́n fi sọ jíìnì náà ní Shaker. Àwọn tó ń wọn iná iṣan rí i pé ti pọtásíọ̀mù ni ò ṣe déédéé nínú eṣinṣin yẹn. Wọ́n mọ ibi tí àbùkù náà wà lórí kúrómósómù X, ọ̀kan lára àwọn ìdì DNA inú sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí DNA, wọ́n mú ègé kan, wọ́n fi wá èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ìyẹn wá òmíì, títí wọ́n fi dé ibi tí kúrómósómù ti já lára eṣinṣin tó ń gbọ̀n. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sì ń lé e lẹ́ẹ̀kan náà, Lily Jan àti ọkọ ẹ̀ Yuh Nung Jan ní San Francisco, Mark Tanouye àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní California bákan náà, àti Olaf Pongs ní Jámánì. 1987 ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Nígbà tí wọ́n kà á, ó jọ ìdá kan nínú mẹ́rin ti sódíọ̀mù, ìgbà mẹ́fà ló gba ọ̀rá já, iná rere sì wà lára ẹ̀kẹrin. Mẹ́rin gbọ́dọ̀ para pọ̀ kó tó di ihò kan. Ní 1988 ẹgbẹ́ Jan tún fi Shaker wá inú làíbúrárì ọpọlọ èkúté, wọ́n sì rí ìbátan ẹ̀ níbẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Kv1.1 báyìí. Ẹ ronú sí i díẹ̀, láti eṣinṣin ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé ọpọlọ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì ju ìdajì lẹ́tà wọn lọ tó bá ara mu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí Shab, Shaw àti Shal lára eṣinṣin, kálukú wọn sì ní ìdílé tiẹ̀ lórí wa, ìyẹn ni Kv2, Kv3 àti Kv4. Iye jíìnì tó ń ṣe ṣánẹ́ẹ̀lì pọtásíọ̀mù nínú èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80. Ká ní ẹnì kan wá bá wa nílẹ̀ yìí pé kí ìjọba fún òun lówó kóun lọ wo eṣinṣin tó ń gbọ̀n ẹsẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ èsì tó máa gbà.

Mo ti sọ ti ìbátan, ó kù ìkan tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ. Jíìnì tó jọ ṣánẹ́ẹ̀lì ò tíì di ṣánẹ́ẹ̀lì. Ẹ lè ka lẹ́tà 6,000, kó jọ ọ́, kó jọ ọ́, kó máà sí iná kankan tó máa gba inú ẹ̀. Ta ló máa ṣèdájọ́? Ẹyin àkèré. Àkèré kan tó ń jẹ́ Xenopus laevis, gúúsù Áfíríkà ló ti wá, ẹyin ẹ̀ ju mílímítà kan lọ díẹ̀, èèyàn lè fojú lásán rí i, ó sì lè fi abẹ́rẹ́ gún un. Ohun tó gbé àkèré yìí dé gbogbo lábù ayé máa pa yín lẹ́rìn-ín: nígbà kan, ara ẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ oyún wò, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ obìnrin, tó bá yé ẹyin, obìnrin náà ti lóyún nìyẹn. (Ìbátan ẹ̀ kan, Xenopus tropicalis, wà lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, ìran tó ti Nàìjíríà lọ gan-an ni wọ́n sì ka gbogbo DNA ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010.)

Ricardo Miledi àti Eric Barnard ní London ló fi hàn ní 1982 pé tí wọ́n bá fa mRNA ẹ̀yà ara ẹja tó ń ta iná sínú ẹyin yẹn, ẹyin á ṣe ṣánẹ́ẹ̀lì ẹja sára ara ẹ̀ láìjanpata. Ti ọpọlọ náà, wọ́n dán an wò, ó ṣe é. Látìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ti clone ṣánẹ́ẹ̀lì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: o ti fi sínú ẹyin? Wọ́n á ki gíláàsì méjì bọ ọ́, wọ́n á yí fóòlù, wọ́n á wo bóyá iná ń kọjá. Tó bá kọjá, ó parí.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan wá yí i po. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ẹyin lè ṣèdájọ́, kí la tún ń wá ẹja àti eṣinṣin kiri fún? Wọ́n kó làíbúrárì ọpọlọ eku lódindi, wọ́n sọ ọ́ di mRNA, wọ́n fún ẹyin. Tí iná bá hàn, wọ́n á pín àwọn ègé náà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n á tún fún ẹyin míì, ọ̀wọ́ tó bá jáde iná ni wọ́n á tún pín, tí wọ́n á máa pín títí á fi ku ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó mọ lẹ́tà kankan nínú ẹ̀ ṣáájú! Ní 1989 ni wọ́n fi ọ̀nà yìí mú Kv2.1 látinú ọpọlọ eku, ọdún yẹn náà ni Hollmann àti Heinemann ní Salk Institute ní California mú èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì tí glutamate, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, máa ń ṣí, Nakanishi ní Kyoto sì mú òmíì nínú wọn tí wọ́n ń pè ní NMDA ní 1991, èyí tí ìrántí wa nílò. Glutamate yìí, bẹ́ẹ̀ ni, ìbátan àjínómótò tẹ́ ẹ fi ń se ọbẹ̀ ni, ẹ fọkàn balẹ̀, èyí tẹ́ ẹ jẹ kì í sábà ráàyè wọ ọpọlọ. Lójú mi, kò sí iṣẹ́ kankan nínú gbogbo èyí tó dùn mọ́ni tó ọ̀nà pínpín yìí, torí kò gbà gbọ́ nínú ìrísí jíìnì, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló gbà gbọ́.

Bí ṣánẹ́ẹ̀lì ṣe rí lójú, Roderick MacKinnon fi hàn ní 1998 látinú bakitéríà, ó sì gba Nobel ní 2003. Ìyẹn á gba ọjọ́ tiẹ̀.

Ìyá kan tó jókòó síwájú bi mí pé kí ni gbogbo èyí fẹ́ fún ọmọ tí gìrì ń mú. Ìbéèrè ọlọ́pọlọ gan-an. Ní 1994 wọ́n rí i pé Kv1.1 tó bàjẹ́, ìbátan Shaker yẹn o, ló fa àìsàn kan tó jẹ́ pé èèyàn á kàn ṣàdédé máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n. Ní 1995, nínú ìdílé kan ní Ọsirélíà tí wárápá máa ń mú wọn lójú oorun, wọ́n rí i pé jíìnì ṣánẹ́ẹ̀lì tí nikotíìnì máa ń ṣí ló yí padà, òun sì ni jíìnì wárápá àkọ́kọ́ tí wọ́n rí tó jẹ́ ti ṣánẹ́ẹ̀lì. Nikotíìnì tí mo dárúkọ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́: àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n máa ń fún ọmọ tí gìrì bá mú, ewé tábà wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn níbí sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tipẹ́tipẹ́, nikotíìnì inú ẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n rí pé ó ń ṣe ọmọ léṣe. Ṣánẹ́ẹ̀lì tí ó bá bàjẹ́ tó ń fa wárápá, ẹbí ẹ̀ gan-an ni àgbo yẹn ń lọ gbá lára ọmọ tó ti ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, mo kàn ní kẹ́ ẹ má fún ọmọ.

Ọmọkùnrin kan bi mí pé ṣé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ka gbogbo DNA èèyàn tán, ṣé ẹyin àkèré ṣì wúlò. Ó wúlò gan-an. Ẹ mú SCN1A, òun ni sódíọ̀mù àkọ́kọ́ nínú ìdílé mẹ́sàn-án yẹn, 2001 ni wọ́n rí i pé òun ló wà nídìí wárápá líle kan tó máa ń mú ọmọ ọwọ́ kó tó pé ọdún kan, tí wọ́n ń pè ní Dravet. Tí wọ́n bá ka jíìnì ọmọ kan lónìí tí lẹ́tà kan yàtọ̀, ìwé nìkan ò lè sọ bóyá lẹ́tà yẹn bà á jẹ́ tàbí kò ṣe nǹkan kan. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn pẹ̀lú lẹ́tà tó yàtọ̀ náà, kó fi sínú ẹyin tàbí sínú sẹ́ẹ̀lì míì, kó wo iná tó ń kọjá.

Ìyá yẹn tún dìde, ó ní ọmọ òun ń lo carbamazepine, oògùn wárápá kan, ṣé kóun dá a dúró. Mo ní rárá, ẹ má dá a dúró fúnra yín, oògùn yẹn ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, ṣánẹ́ẹ̀lì sódíọ̀mù ló máa ń dí, bíi abẹ́rẹ́ lidocaine tí dókítà eyín máa ń gún yín. Dravet ni ti ẹ̀ yàtọ̀, torí ṣánẹ́ẹ̀lì tó ti dín kù níbẹ̀, inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dá iná lẹ́kun ló ti dín kù jù, tí oògùn bá tún wá dí ìyókù, gìrì lè le sí i. Tí ti ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún kan, tí ibà bá ń ru ú sókè, tó sì ń le sí i lórí oògùn yẹn, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún dókítà ọpọlọ ní UCH, kí wọ́n mú káàdì oògùn gbogbo dání lọ.